Ológbò Tí Agogo Kò Lé

Nígbà tí mo fi Ọ̀ffà sílẹ̀ lọ sí Kánò, gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi nípa ìlú náà ni mo gbà gbọ́. Wọ́n ní owó wà níbẹ̀. Wọ́n ní oòrùn wà níbẹ̀. Oòrùn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ọmọ ọlọ́lá kan wà ní Bompai, àdúgbò àwọn òyìnbó, tó ń dúró dè mí, pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ torí rẹ̀ wọ rélùwéè dé òkè Ọya ni kí n máa nu imú rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ológbò ni. Ẹ má fi ojú ológbò wò ó o. Èmi náà fi ojú ológbò wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Màdáámù sì bá mi wí. Màdáámù ni òyìnbó tó gbà mí síṣẹ́, ìyàwó ẹnjiníà kan ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Mo ti gbá ilẹ̀ yàrá méjì kí ó tó sọ fún mi pé kì í ṣe ilẹ̀ gbígbá ni òun gbà mí fún. Ó ṣí àpótí kan, ó kó òòyà mẹ́ta jáde, ọ̀kan fẹ̀ lójú, ọ̀kan ṣe déédéé, ọ̀kan sì wẹ́ bí èyí tí wọ́n fi ń yọ iná orí. Èmi tí mo ní òòyà onígi kan ṣoṣo látìgbà tí mo ti dáyé, mo kí wọn káàárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí. Funfun ni láti orí dé ìrù. Irun rẹ̀ gùn tó ìka ọwọ́, ó sì nípọn débi pé tí ó bá jókòó, ẹ kò ní mọ ibi tí ẹsẹ̀ wà. Orí rẹ̀ tóbi, ó rí roboto, etí rẹ̀ kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì dà bí ojú ọ̀run nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Imú wá ńkọ́? Imú kò sí. Ohun tó wà níbi tí imú yẹ kó wà ni bọ́tìnnì kékeré kan tó rì sáàárín ojú méjèèjì, bíi pé ẹnì kan fi àtàǹpàkò tì í wọlé kí amọ̀ tó gbẹ. Mo bi Màdáámù bóyá ó ṣubú nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹwà rẹ̀ ṣe rí, pé bí imú bá ṣe wọlé tó ni ìran ṣe dára tó.

Ó fi ìwé rẹ̀ hàn mí. Ìwé gidi, tí wọ́n lu òǹtẹ̀. Orúkọ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀, títí dé ìran kẹrin, oyè sì wà lórúkọ gbogbo wọn. Ìwé kan ṣoṣo tí èmi ní ni èyí tí wọ́n fi búra ọjọ́ orí fún mi ní kóòtù, níbi tí akọ̀wé ti wo ojú mi, tí ó sì fún mi ní ọdún ìbí tó wù ú. Wọ́n ní ìran Páṣíà ni. Mo béèrè ibi tí Páṣíà wà. Màdáámù ní wọ́n ti yí orúkọ ìlú náà padà, wọ́n ti ń pè é ní nǹkan mìíràn. Àánú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe mí níbẹ̀. Èmi ṣì ní ìlú tí mo lè padà sí.

Lédì ni wọ́n sọ ọ́.

Ìwà rẹ̀ bá orúkọ mu. Kì í ké. Kì í sáré. Kì í gun nǹkan tó ga ju àga lọ. Eku ilé ìdáná ń kọjá níwájú rẹ̀, ó ń wò wọ́n lọ, ó ń wò wọ́n bọ̀. Kúùkù, tó jẹ́ ará Zaria, sọ pé òun kò rí ológbò tí eku kì í sá fún rí. Mo sọ fún un pé ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ joyè kì í lé eku. Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó sílẹ̀ láti ya irun rẹ̀, ó máa gorí ẹsẹ̀ mi, ó máa gbé orí rẹ̀ lé àyà mi, ó sì máa kùn bí ọlọ. Ní oṣù àkọ́kọ́ yẹn, kò sí ẹlòmíràn tó fara kàn mí ní gbogbo Kánò.

Àìsàn wá ńkọ́? Ẹ jókòó dáadáa. Nítorí imú tó wọlé yẹn, kò lè mí láìhanrun, ọ̀sán ni tòru ni. Nítorí ojú tó yọ síta, omi ń jáde níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí mi ò bá sì nù ún, á gbẹ, á di ìpín dúdú, gbogbo ẹ̀gbẹ́ imú á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Tí mo bá fi ọjọ́ méjì gbàgbé irun rẹ̀, á lọ́ mọ́ra wọn lábẹ́ apá, mi ò sì ní lè tú u, àfi kí n fi àlùmọ́gàjí gé e. Ó ń lá irun ara rẹ̀ jẹ, lẹ́yìn náà á bì í sórí kápẹ́ẹ̀tì. Tí ooru oṣù Ẹrẹ́nà bá dé, ó máa na gbalaja sórí símẹ́ǹtì ilé ìwẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá, èmi á máa fi aṣọ tútù nù ún. Kí ẹ má bàá rò pé ó tán, kò gbọ́ràn. Adití ni. Màdáámù ní ọ̀pọ̀ àwọn tó bá funfun tí ojú wọn sì rí báyẹn ni wọ́n ń bí bẹ́ẹ̀. Orúkọ aláyélúwà tí wọ́n sọ ọ́ yẹn, kò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí mo bá fẹ́ kó wá, ẹsẹ̀ ni mo máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ gìdì, ara rẹ̀ á sọ fún un, á sì yíjú.

Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ láti tẹ ìyá mi láago. Nígbà yẹn, ẹ máa kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wákàtí méjì lè kọjá. Ìyá mi náà ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn tó ní tẹlifóònù l'Ọ́ffà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún wa. A fi méjì kíra.

"Ṣé o ti rí iṣẹ́?"

"Mo ti rí iṣẹ́, Màámi. Mò ń tọ́jú ẹnì kan."

"Ọmọdé ni àbí àgbàlagbà?"

"Ológbò ni, mà."

Wáyà ń hó. Mo rò pé ó ti já.

"Ṣé kò sí ológbò l'Ọ́ffà ni?" ni ìyá mi wí.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tí mo dé ojú títì, ẹkún gbà mí. Ilé ń wù mí, ohùn yẹn sì ṣì wà létí mi.

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ ọkọ Màdáámù fi parí. Wọ́n kó àga, wọ́n kó àwo, wọ́n kó ajá. Ó ku Lédì. Wọ́n ní tí wọ́n bá gbé e dé ìlú àwọn, ìjọba máa tì í mọ́lé fún oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó gbà á láyè láti wọlé, torí àìsàn tó lè gbé wá láti ọ̀dọ̀ wa. Pẹ̀lú gbogbo ìwé yẹn o. Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí fún ọlọ́lá. Màdáámù sunkún, ó ní èmi nìkan ni Lédì mọ̀, ó fún mi ní òòyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ìwé ìran náà, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí pápá ọkọ̀ òfúrufú. Báyìí ni mo ṣe pàdánù iṣẹ́ mi tí mo sì jogún rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Inú yàrá kan ni mò ń gbé lójú títì Enugu, ní Sábọ́n Gàrí, àdúgbò àwa àlejò. Onílé wa ni à ń pè ní Bàbá Ẹ́lídà, torí alàgbà ni nínú ìjọ Aládùúrà tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè fẹ̀yìn tì. Bákan náà ló ṣe ń darí ilé bí ẹni tó ń darí ibùdókọ̀ rélùwéè: aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ gbọn-in, á wọ sùtánà, á jáde láìwọ bàtà, á lu agogo àdúrà yí ká ọgbà. Àwọn ológbò àdúgbò mọ aago yẹn. Tí agogo bá ti dún, wọ́n á fò lórí ògiri lọ. Bàbá Ẹ́lídà á sì sọ pé, "Ẹ rí i? Ẹ̀mí òkùnkùn kò lè dúró níwájú agogo."

Ilé yìí ni mo gbé ológbò wọ̀. Èmi, obìnrin tí kò lọ́kọ, tí kò bímọ. Ẹ lè fojú inú wo bí wọ́n ṣe kí mi káàbọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ilé ti péjọ síwájú yàrá mi, Bàbá Ẹ́lídà sì wà níwájú wọn pẹ̀lú agogo lọ́wọ́.

"Màá bi ọ́ léèrè ohun kan," ló wí fún mi. "Níbo ni nǹkan yìí ti wá?"

"Páṣíà ni, sà."

"Kò burú. Agogo máa sọ. Tí ó bá sá, ìwọ náà máa tẹ̀ lé e."

Lédì ti jókòó sórí ẹní, ó kọ̀yìn sí gbogbo wọn, ó ń lá ọwọ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà yẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, mò ń gbàdúrà kíkan ju gbogbo àwọn tó wọ funfun níbẹ̀ lọ, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣáà tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá Ẹ́lídà lu agogo lẹ́ẹ̀mẹta. Lédì ń lá ọwọ́. Ó sún mọ́ ọn, ó lù ú lẹ́ẹ̀meje. Lédì bọ́ sórí ọwọ́ kejì. Ó wá tẹrí ba, ó lu agogo náà sí ìdí etí rẹ̀ títí apá fi ń ro ó. Lédì yán, ó na ara, ó sì dùbúlẹ̀.

"Ògo," ni Bàbá Ẹ́lídà wí jẹ́jẹ́. Mi ò tíì rí i kí ojú rẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Láti ọjọ́ yẹn, a di èèyàn ńlá. Ológbò tí agogo kò lé, tó tún funfun bí sùtánà, tí omijé sì ń dà lójú rẹ̀ nígbà àdúrà. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ wa ló ń sunkún lé lórí. Àwọn màmá ìjọ ń mú ẹja wá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ fífọ̀ jẹun, nígbà tí wọ́n sì gbọ́ pé inú yàrá kan náà ni Lédì ń sùn sí, sùtánà ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ̀ mí wá ní òkìtì. Mò ń fọ̀ ọ́, mò ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́. Irun Lédì wà lára gbogbo wọn, ṣùgbọ́n funfun lórí funfun, ta ló máa rí i? Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé Kánò, àwọn èèyàn mọ orúkọ mi, wọ́n ń béèrè mi tí wọn kò bá rí mi. Ó dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mi ò sì tijú.

Mallam Garba nìkan ni kò bá wọn dá sí i. Ará Fagge ni, àdúgbò àwọn Haúsá, ó ń ta tíì níwájú ilé wa. Tí Lédì bá jáde, á bu mílíìkì díẹ̀ sínú ìdérí agolo fún un, á fi Haúsá kí ológbò náà pé, "Sannu, mage." Mo sọ fún un pé wọ́n ní ó jẹ́ mímọ́. Ó ní ológbò ni, pé gbogbo ológbò ló dára, pé kí ló dé tí àwa Yorùbá fi ń fi agogo yọ ọ́ lẹ́nu.

Màmá Kẹ́mi ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Awakọ̀ tírélà ni ọkọ rẹ̀, a lè má rí i fún oṣù méjì. Kẹ́mi ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọmọ ọdún mẹ́rin, ó lẹ́wà, ó gbọ́n lójú, kò sì dáhùn tí ẹ bá pè é. Ní ibòmíràn, wọ́n á ti béèrè ìdí. Ní Sábọ́n Gàrí, ta ni yóò béèrè? Ìdajì àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, ẹ sọ Yorùbá sí wọn, wọ́n á fi Haúsá dá yín lóhùn. Nítorí náà, gbogbo wa nínú ilé gbà pé Haúsá ló ti gba ọmọ náà lọ́wọ́ wa. Mo béèrè lọ́wọ́ Mallam Garba. Ó ní rárá, Yorùbá nìkan ni Kẹ́mi gbọ́, pé òun ti fi Haúsá bá a sọ̀rọ̀ títí. Àwọn tó ń sọ Pidgin níta ní èdè Yorùbá tí a fi ń jọ́sìn nìkan ló gbọ́. Olúkúlùkù fi ọmọ náà sílẹ̀ fún èdè ẹlòmíràn. Ìyá rẹ̀ ní alágídí ni. Ó ń pè é, ó ń pè é, nígbà tó bá sú u, á nà án ní pàṣán.

Lọ́jọ́ kan mò ń lọ aṣọ, Kẹ́mi àti Lédì jókòó sábẹ́ ògiri. Agbada tánńganran kan tí Màmá Kẹ́mi kó agolo òfìfo sínú rẹ̀ já bọ́ láti orí ògiri náà sẹ́yìn wọn. Ariwo náà kọjá sísọ. Adìyẹ fò. Mallam Garba da tíì sí ara oníbàárà. Èmi náà fò, mo jó ìka mi. Àwọn méjì tó wà lábẹ́ ògiri kò mira. Kẹ́mi ń fi ọwọ́ ya irun Lédì lọ ní tirẹ̀.

Mo gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gìdì. Àwọn méjèèjì yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo mọ ohun tí mo rí. Mo sì mọ ohun tó máa ná mi. Tí mo bá sọ ti Kẹ́mi, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀, ti Lédì á sì tú. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta bá ara mi jiyàn, mò ń sọ pé bóyá ọmọ náà ń ṣeré ni, bóyá ẹlòmíràn á rí i. Ní ọjọ́ kẹta, Màmá Kẹ́mi ń di ẹrù. Ó ní òun máa fi Kẹ́mi ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ òun ní Ìlá, níbi tí kò sí Haúsá, kí ó lè gbọ́ èdè bàbá rẹ̀. Rélùwéè ọjọ́ Túsìdeè ni. Ó ní ìyá àgbà yẹn kì í gba gbẹ̀rẹ́ fún ọmọ alágídí, pé ọdún kan péré ni yóò fi tọ́ ọ sọ́nà. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń nu ojú.

Mo lọ tẹ ìyá mi láago.

"Màámi, tí èèyàn bá mọ ohun kan, tí ó sì jẹ́ pé tí ó bá sọ ọ́, wọ́n á lé e kúrò nílé ńkọ́?"

"Ṣé o ti lóyún ni?"

"Rárá, mà."

"Tí kì í bá ti ṣe oyún, sọ ọ́," ni ìyá mi wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá mò ń jẹun.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, ní aago mẹ́fà, gbogbo ilé péjọ láti gbàdúrà ìrìn àjò fún Kẹ́mi. Ọmọ náà jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, ó kọ̀yìn sí wa. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ lu agogo yẹn lẹ́yìn Kẹ́mi."

Ó wò mí, ó sì lù ú. Kẹ́mi ń fi ìka ya ilẹ̀. Ó tún lù ú, ó sún mọ́ ọn. Ọmọ náà kò yíjú.

Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Ògo fún Ọlọ́run, ọmọ yìí náà."

"Kì í ṣe ògo," ni mo wí. "Kò gbọ́ ni. Kì í ṣe Haúsá, kì í ṣe Yorùbá, kò gbọ́ nǹkan kan. Bí Lédì náà ṣe wà nìyẹn. Adití ni. Màdáámù ti sọ fún mi kí n tó gbé e wá síbí." Mo dìde, mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Kẹ́mi yíjú, Lédì yíjú, àwọn méjèèjì ń wò wá.

Bàbá Ẹ́lídà gbé agogo náà mọ́ àyà.

"Ìwọ mọ̀," ló wí, "o sì jẹ́ kí n dúró níwájú ìjọ, kí n máa lu agogo Ọlọ́run sí etí adití."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó ní kí n kó jáde kí oṣù tó parí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti wá kó sùtánà wọn, òmíràn ṣì tutù. Mallam Garba ló bá mi rí yàrá ní Fagge lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè kan nípa ológbò ju pé ṣé ó ti jẹun. Ẹ rò ó wò. Mo kúrò láàárín àwọn èèyàn mi wá sí ilẹ̀ Haúsá, mo tún wá kúrò láàárín àwọn èèyàn mi nínú ilẹ̀ Haúsá, ọ̀dọ̀ àwọn tí n kò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ wọn ni mo sì ti sùn dáadáa. Ọdún mẹ́ta ni Lédì tún lò níbẹ̀ kí imú yẹn tó gbé e lọ nígbà ọyẹ́. Mo sunkún rẹ̀ bí èèyàn.

Ṣùgbọ́n àárọ̀ tí mo kó jáde ni mo fẹ́ sọ. Mo ti di ẹrù mi tán. Màmá Kẹ́mi wọlé wá, ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti gba ilé ìwòsàn bọ̀, dókítà ti sọ ohun kan náà fún un, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ látìgbà tí wọ́n ti bí i. Mo rò pé ó wá dúpẹ́ ni, tàbí kí ó wá bú mi. Mo ti ṣètò èsì sílẹ̀ fún méjèèjì.

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀," ló wí. "Gbogbo oríkì rẹ̀ ni mò ń kì í láràárọ̀. Níbo ni wọ́n lọ?"

Mo sún ẹrù mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó tì mí sórí ẹní.

Kẹ́mi ti já ọwọ́ gbà, ó ti ń lọ síta. Ìyá rẹ̀ la ẹnu láti pè é bó ṣe máa ń ṣe, ohùn kò tíì jáde tó fi pa ẹnu dé. Ó dìde, ó rìn lọ bá a títí dé ojúde, ó sì fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.